Orúnkún Ọmọ Tó Wú: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Bí Mi Nínú

Dókítà ọmọdé ni mí, inú sì máa ń bí mi nígbà tí òbí bá da àpò oògùn sórí tábìlì mi, tí mo rí oògùn ibà oríṣi mẹ́ta àti ti táífọ́ọ̀dù méjì, tí wọ́n ti ń fi tọ́jú orúnkún kan ṣoṣo tó wú láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn.

Àṣìṣe kìn-ín-ní ni kí a máa sọ pé làkúrègbé kì í ṣe ọmọdé. Ó ń ṣe wọ́n. Bí oríkèé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá wú fún ọ̀sẹ̀ 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a kò sì rí ohun mìíràn tó fà á, ẹ jẹ́ kí a yé sọ pé ó ṣubú níléèwé.

Èkejì, ẹ má ṣe fi agbára wọ́ oríkèé tó wú.

Ẹ̀kẹta ló ń dùn mí jù, nítorí èmi náà ti jẹ̀bi rẹ̀: a kì í béèrè bí ọmọ ṣe jí. Oríkèé tó ní làkúrègbé sábà máa ń gan láàárọ̀, a sì máa tú díẹ̀díẹ̀ bí oòrùn ṣe ń gòkè. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 4, wá. Láti aago 7 ni wọ́n ti tò, aago 1 ọ̀sán sì ti kọjá kí ó tó kàn wọ́n. Ọmọ náà ti ń sáré kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, dókítà, bí arúgbó ló ń rìn tí ilẹ̀ bá mọ́." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ara rẹ̀ ló ń dàgbà, mo kọ parasítámọ̀ fún wọn. Ìwé-ẹ̀rí mi wà lára ògiri lẹ́yìn mi, ó ń wò mí.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n padà. Ìyá náà dojú bolẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó fi àyà wọ́ sílẹ̀, ó di ògiri mú, ó na ẹsẹ̀ òsì gan-an láìká a, ó ní bí ọmọ ṣe ń dìde nìyẹn, àti pé kì í lè lóṣòó sórí póò mọ́. Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan orúnkún méjèèjì: ti òsì gbóná ju èkejì lọ, ibi tó sì máa ń tẹ̀ wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti kún. Ìrora ara tó ń dàgbà, alẹ́ ló máa ń dé, ẹsẹ̀ méjèèjì ló máa ń mú, kì í wú, kì í sì í mú ọmọ tiro láàárọ̀.

Ojú ńkọ́? A rán ọmọ yìí sí dókítà ojú, nítorí làkúrègbé ọmọdé lè ba inú ẹyinjú jẹ́ láìpọ́n, láìdunni. Ẹ má ṣe dúró dìgbà tí ọmọ bá sọ pé òun kò ríran.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí kò fi nǹkan kan hàn tàn yín jẹ.

Bí ọ̀fun bá ti dun ọmọ ní bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn, tí ìrora wá ń ṣí láti orúnkún sí ọrùn-ẹsẹ̀ àti ìgbọ̀nwọ́, ẹ má ṣe yọ̀ pé orúnkún ti sàn: ó lè jẹ́ ibà làkúrègbé (rheumatic fever), àrùn tó lè ba ọkàn jẹ́. Abẹ́rẹ́ pẹnisílìn tí a ń gbà kí àrùn yìí má bàa padà, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin kì í ṣe ohun tí a ń dá dúró nítorí pé ara ti yá.

Ọ̀sẹ̀ 6 tí mo dárúkọ kò kan ọmọ tí ibà mú, tí oríkèé rẹ̀ gbóná, tí kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e dé ilé ìwòsàn.