Bí hẹ́píìsì bá wà lára yín, tí ara ẹnìkejì yín ò sì le

Gbólóhùn kan wà tó ti kó ọ̀pọ̀ lọ́kọláya sí wàhálà: “Kò sí egbò níbẹ̀ lónìí, ara mi mọ́.” Hẹ́píìsì ojú ara, àrùn tí ìbálòpọ̀ máa ń ràn, kì í dúró de egbò kó tó ràn. Kòkòrò rẹ̀ máa ń jáde sójú awọ lọ́jọ́ tí ìléròrò kankan ò sí, pàápàá láàárín ọdún àkọ́kọ́ tó wọ èèyàn lára.

Ẹlòmíì á kó o, kò ní mọ̀ rárá. Àmọ́ bí ẹnìkejì yín bá ní HIV tí oògùn ò tíì kápá, tàbí wọ́n ti pààrọ̀ kíndìnrín fún un, tàbí ó ń lo prednisolone lójoojúmọ́ nítorí lupus (àìsàn tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà), ọ̀rọ̀ yí padà, torí agbára tí ara rẹ̀ fi ń bá àrùn jà ti dín kù. Egbò tirẹ̀ lè fẹ̀, kó pẹ́ kó tó jiná, kó tún máa padà wá.

Àkọ́kọ́, ẹ sọ fún un, kì í ṣe nígbà tí aṣọ ti kúrò lára. Ẹ jókòó lọ́sàn-án: “Mo ní hẹ́píìsì. Kò ṣeé lé jáde pátápátá, àmọ́ oògùn ń kápá ẹ̀. Mo fẹ́ ká jọ bá dókítà ẹ sọ̀rọ̀.” Ó le, mo gbà. Ó ṣì sàn ju kó jẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló ti máa mọ̀.

Ẹ jọ lọ bá dókítà tó mọ àìsàn rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó lè jẹ́ pé irú hẹ́píìsì kan náà ti wà lára òun náà tipẹ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìbẹ̀rù yín á dín kù gan-an.

Ẹ wá béèrè oògùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní hẹ́píìsì lẹ máa lò ó, kì í ṣe òun. Ìwádìí kan tó jáde ní 2004 fi hàn pé valacyclovir, oògùn hẹ́píìsì kan, 500 mg lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ dín bí hẹ́píìsì oríṣi kejì (èyí tó sábà máa ń wà lójú ara) ṣe ń ràn láàárín lọ́kọláya kù ní nǹkan bí ìdajì. Ẹ má tíì yọ̀ jù: àwọn tí ara wọn le ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ ò dáa ò sì gbọdọ̀ lo iye kan náà, torí náà ẹ má kàn lọ rà á ní kẹ́mísítì.

Lílo kọ́ńdọ̀mù ni èèyàn máa ń ṣì ṣe jù. Ẹ wọ̀ ọ́ kí ara tó kan ara. Ẹ má fi òrí, vaseline tàbí òróró àgbọn pa á. Òróró máa ń jẹ rọ́bà ọ̀hún, á sì ya láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Jẹ́ẹ̀lì olómi ni kẹ́ ẹ lò. Síbẹ̀, kò bo itan, kò bo ìdí, ibẹ̀ náà sì ni kòkòrò yìí ń gbà.

Kí ìléròrò tó yọ, ibẹ̀ máa ń yún, tàbí kó dà bíi pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Látìgbà yẹn títí èépá á fi bọ́ tí awọ á sì dán, ẹ fi ìbálòpọ̀ sílẹ̀, kọ́ńdọ̀mù ì báà wà. Egbò ètè náà ń ràn: bó bá wà, ẹ má fi ẹnu kan ojú ara rẹ̀.

Oyún kì í ṣe àìsàn, àmọ́ bí aya yín bá wà ní oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, tí òun ò ní hẹ́píìsì, ẹ fi ìbálòpọ̀ sílẹ̀ títí á fi bímọ. Ìgbà yẹn ló léwu jù fún ọmọ.

Bí nǹkan bá yọ lára ẹnìkejì yín, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà, kí wọ́n fi òwú gba omi inú ìléròrò tútù fún àyẹ̀wò. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni oògùn máa ń ṣiṣẹ́ jù. Orí fífọ́ pẹ̀lú ọrùn tó le, ojú tó pọ́n tó sì ń dùn ún, tàbí ìtọ̀ tí kò jáde: ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́.