Itọ́ Kọ́ Ni Ìtọ̀: Bí Mo Ṣe Wá Cortisol Lára Obìnrin 12

Máákà dúdú ni mo fi kọ ọ́ sára ike tí mo pín fún àwọn obìnrin 12 tó ń tajà ní Bódìjà, n'Ìbàdàn: ITO AARO, ITO ALE. Mi ò fi àmì ohùn kankan sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, màmá tó ń ta àlùbọ́sà gbé tiwọn dé nínú ọ̀rá dúdú, wọn ò wò mí lójú. Mo ṣí i, ìtọ̀ ni. Itọ́ ni mo sì fẹ́. Nígbà tí mo ṣàlàyé, wọ́n ní, “Ṣé èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀ ni?” Ẹnu mi wọhò.

Iṣẹ́ àṣekágbá másítà mi nìyẹn. Cortisol ni mò ń wá, ìyẹn hòmóònù tí ẹran kékeré kan tó jókòó sórí kíndìnrín bíi fìlà máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, pàápàá nígbà tí másùnmáwo bá dé. Ó máa ń ga láàárọ̀, á tún ta sókè sí i ní nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú lẹ́yìn téèyàn bá jí, á wá máa relẹ̀ títí di òru. Itọ́ tí wọn ò bá kọ aago sí lára, dídà ni.

Ẹ̀jẹ̀ rọrùn láti fà, àmọ́ ó lè tan èèyàn jẹ. Purotéènì ló di èyí tó pọ̀ jù nínú cortisol ibẹ̀ mú, ẹ̀rọ sì ń ka gbogbo ẹ̀ pọ̀. Oyún tàbí oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó ní hòmóònù estrogen máa ń sọ purotéènì yẹn di púpọ̀, iye á sì ga láìsí wàhálà kankan. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ gan-an ni wàhálà wọn.

Èyí tí purotéènì ò dì mú ló ń bọ́ sínú itọ́, ìdí tí mo fi fẹ́ràn itọ́ nìyẹn. Mo ní kí wọ́n fi òwú sẹ́nu kí wọ́n tó fi pákò fọ ẹnu, torí ẹ̀jẹ̀ èrìgì máa ń ba iṣẹ́ jẹ́. Kí wọ́n má sì lá ọsàn wẹ́wẹ́ kí itọ́ lè tètè sun. Síbẹ̀, itọ́ alẹ́ ẹnì kan ga ju ti àárọ̀ gbogbo wọn lọ. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń da orí ara mi rú, àfìgbà tí mo rí ìpara tó fi ń pa ọwọ́ tó ń yún un. Hydrocortisone ló wà níbẹ̀. Cortisol náà ni, orúkọ oògùn ló ń jẹ́ lórí àtẹ! Ìka tó fi pa á ló fi mú òwú. Látìgbà náà, inú ike ni wọ́n ti ń da òwú sẹ́nu tààrà.

Mo tún ní kí wọ́n gba ìtọ̀ wákàtí 24. Kò ju kí wọ́n da ti àkọ́kọ́ nù, kí wọ́n wá gba gbogbo ìyókù jọ títí di aago kan náà lọ́jọ́ kejì. Ẹ gbé kẹ́gì lọ sọ́jà ná, kẹ́ ẹ rí i. Mẹ́ta péré ló ṣe é parí.

Irun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Ọ̀kan bi mí tààrà pé ta ló rán mi. Ni mo bá kọ́kọ́ gé tèmi lójú wọn, lẹ́yìn orí, ní ìdí pátápátá. Sẹ̀ǹtímítà 3 irun ni wọ́n máa ń kà sí cortisol oṣù 3, àmọ́ irun àwa aláwọ̀ dúdú lọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fọ̀ ọ́, mo rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, mo rẹ ẹ́ sínú methanol, kẹ́míkà tó ń fa cortisol jáde, di ọjọ́ kejì.

Ní láàbù, mo jẹ́ kí itọ́ tó ti dì nínú fírísà yọ́, mo wá fi ẹ̀rọ yí i bí òkòtó kí ikun inú ẹ̀ lè rì sísàlẹ̀. Nínú àwo oníhò 96, cortisol ẹni àti èyí tí wọ́n ti so mọ́ ohun tó ń mú àwọ̀ jáde ń du ìjókòó kan náà. Ihò tó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, cortisol ibẹ̀ kéré. Èyí tí àwọ̀ ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ pọ́n ló ga. Òdì ni mo kọ́kọ́ kà á.

Nígbà tí mo mú èsì padà lọ, màmá alùbọ́sà ò béèrè nọ́ńbà kankan. Wọ́n ní kí n kó èyí tó ṣẹ́ kù nínú irun orí àwọn wá. Mo nà án sí wọn nínú àpòòwé. Wọ́n ṣí i, wọ́n wò ó, wọ́n sì fi há abẹ́ ìró.