Eyín Tí Wọ́n Ti Yọ Iṣan Rẹ̀ Tó Ṣì Ń Dunni: Ohun Tí Ẹ Máa Ṣe

Oṣù méje gbáko ni eyín ẹ̀yìn mi lókè lápá òsì fi ń dùn mí lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe root canal fún un. Eyín tí wọ́n ti yọ iṣan rẹ̀, kí ló tún kù níbẹ̀ tó ń dunni? Bí ọ̀rọ̀ yín bá jọ tèmi, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n fà á.

Bó bá dùn yín fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ojú ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ló ń jinná. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, kí dókítà kọ́kọ́ yẹ eyín fúnra rẹ̀ wò: ṣé ó ga ju àwọn yòókù lọ tí ẹ bá deyín? Ṣé ó ti sán? Ṣé wọ́n fo ihò gbòǹgbò kan ni? Eyín ńlá àkọ́kọ́ lókè sábà máa ń ní ihò mẹ́rin, ìkan nínú wọn sì tín-ín-rín gan-an. X-ray lásán lè má gbé e jáde. Ẹ béèrè bóyá CBCT, irú X-ray tó ń fi gbogbo ìhà eyín hàn, yẹ yín.

Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi kọ aago, mo kọ bó ṣe ń ṣe mí: ó ń jó mi wìì látàárọ̀ dalẹ́, oògùn ìrora ò sì ràn án. (Tó bá jẹ́ pé ṣe ló ń gbé yín bí iná mànàmáná nígbà tí atẹ́gùn tàbí búrọ́ọ̀ṣì bá kàn yín, ẹ sọ ọ́, iṣan ojú lè wà nídìí ìyẹn, oògùn tirẹ̀ sì yàtọ̀.)

Dókítà kejì ka ìwé mi, ó fún mi ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹnu kú. Èrìgì kú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kú, ó fi irin kan eyín náà, mi ò mọ̀. Síbẹ̀ ìrora yẹn jókòó síbẹ̀, kò mira. Mo sunkún lórí àga. Iṣan tó ti farapa lè máa ránṣẹ́ ìrora sọ́pọlọ nígbà tí eyín ti dákẹ́. Bí ẹ bá fa irú eyín bẹ́ẹ̀, ìrora lè dúró sójú ihò tó ṣófo, tàbí kó sún sí èyí tó tẹ̀ lé e.

Amitriptyline tàbí gabapentin, oògùn tó ń pẹ̀tù sí ìrora iṣan, ni dókítà sábà máa ń kọ fún un, díẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa fi kún un. Ẹ má dá a dúró lójijì. Tèmi ń mú ẹnu mi gbẹ, ó sì ń kùn mí lóorun, nítorí náà alẹ́ ni mo ń lò ó.

Tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú, tí ibà dé, tàbí tí ẹ ò lè gbé itọ́ mì, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà tí mo ti ń lo oògùn náà, mo ṣí ìwé mi, mo sì rí i pé ọjọ́ méjì ti kọjá tí mi ò rántí kọ nǹkan kan.