Bí mo ṣe fi òwú ìránṣọ wọn ọ̀nà Èkó dé Toronto fún Màámi

Àbúrò mi tó wà ní Toronto bímọ, ló bá ra tíkẹ́ẹ̀tì fún Màámi pé kí wọ́n wá bá òun tọ́jú ọmọ lóṣù kẹfà. Inú wọn dùn, ṣùgbọ́n oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ń kọ wọ́n lóminú. Aago mẹ́jọ àárọ̀ àti mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n ń lò ó, kò gbọdọ̀ yẹ̀.

"Wákàtí mélòó gan-an ni n ó lò lójú ọ̀nà?"

Mo wo tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á gbéra n'Ikẹjà láago mọ́kànlá alẹ́, wọ́n á dé London láago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí. Wọ́n á tún gbéra níbẹ̀ láago méjìlá ọ̀sán, wọ́n á sì balẹ̀ sí Toronto láago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà. Màámi fi ìka ka á: "Wákàtí mẹ́ta péré láti London?"

Olùkọ́ ni mí, mo bá gbé gílóòbù kíláàsì wa, àwòrán ayé tó rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, wá sílé ní Mọ́kọ́lá. Mo já òwú lára màṣíìnì ìránṣọ Màámi, mo fi yí ìbàdí gílóòbù náà po, mo wá tẹ́ ẹ sórí rúlà: sẹ̀ǹtímítà 100 géérégé. Àyíká ayé tó nǹkan bí 40,000 kìlómítà, nítorí náà sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún kìlómítà 400. Mo fi èékánná tẹ òwú mọ́ Èkó, mo fà á le dé London: 12.5, ìyẹn kìlómítà 5,000. London sí Toronto lé díẹ̀ ní 14, nǹkan bí 5,700. Òwú yẹn kò gba ibi tí rúlà máa gbà lórí máàpù pẹlẹbẹ. Ó tẹ̀ lọ sókè níhà àríwá, nítorí ibẹ̀ ló yá jù lórí ohun tó rí roboto.

Bàálù ńlá ń sá tó 900 kìlómítà ní wákàtí kan. Kò sí bí 5,700 ṣe lè jẹ́ wákàtí mẹ́ta! Aago ló fa ìdàrúdàpọ̀. Lóṣù kẹfà, aago London àti tiwa dọ́gba, ṣùgbọ́n ti Toronto fi wákàtí márùn-ún wà lẹ́yìn (nígbà òtútù, mẹ́fà ni sí tiwa). Mẹ́ta pẹ̀lú márùn-ún, mẹ́jọ. Afẹ́fẹ́ líle tó ń ti ìwọ̀-oòrùn fẹ́ bọ̀ lókè ọ̀hún sì wà nínú rẹ̀: ó ń dojú kọ bàálù ní àlọ, á máa tì í lẹ́yìn ní àbọ̀.

Láti Ikẹjà dé Toronto wá jẹ́ wákàtí mọ́kànlélógún. Ti márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó ni òwú kò lè sọ, nítorí gosiló. Mo ní kí wọ́n kúrò nílé láago méjì ọ̀sán.

Oògùn wá bọ́ sí Ikẹjà kí wọ́n tó wọ bàálù, London níbi tí wọ́n ti ń dúró, àti Toronto bí wọ́n bá ṣe ń balẹ̀. Dókítà wọn fọwọ́ sí i. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má yí aago ọwọ́ wọn padà.

Aago ara ògiri wa ti kọjá mẹ́jọ alẹ́ díẹ̀ nígbà tí fóònù dún. "Mo ti lò ó o," Màámi wí, "oòrùn ṣì ń ràn níbí."