Ọ̀dà ò lẹ̀ mọ́ fídìn bọ́tù: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ fi àlòkù ìgò ọmọ ṣe ọ̀ṣọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti já ọmọ mi lẹ́nu ọmú, fídìn bọ́tù rẹ̀ wá kún inú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo kun méjì lọ́dà kí n lè máa fi òdòdó sí i, àmọ́ bí ọ̀dà náà ṣe gbẹ ló ń ṣí kúrò bí èépá. Ṣé gbàrọ̀gùdù ni wọ́n tà fún mi ni?

Ìdáhùn: Ọ̀dà yín ò lẹ́bi. Ẹ da ìdí ìgò náà sókè, ẹ wo àmì onígun mẹ́ta tó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ 5 tàbí PP ni wọ́n kọ síbẹ̀, ọ̀dà kì í dúró lára irú ike bẹ́ẹ̀, gọ́ọ̀mù náà kì í mú un. Súpà gúlù tó ń lẹ ìka pọ̀ gan-an ò rí i gbé ṣe. Ẹ lè fi sáńdípépà ha á, kí ẹ fi spírítì nù ún, kí ẹ wá wá ọ̀dà tí wọ́n dìídì ṣe fún ike. Á dúró díẹ̀.

Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní kùn ún rárá, màá wé e ni. Ẹ tọrọ àjákù àǹkárá lọ́wọ́ télọ̀ yín, ẹ gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́, ìbú ìka méjì. Ìdí ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wíwé kejì gun ti àkọ́kọ́ dé ìdajì, kí ẹ sì máa fà á le. Gọ́ọ̀mù funfun káfíńtà lẹ máa fi sára aṣọ, torí aṣọ ló máa lẹ̀ mọ́ aṣọ, kì í ṣe ike. Bí ẹ bá dé ọrùn, ẹ ṣẹ́ etí aṣọ ẹyọ kan péré sórí ibi tí ìdérí ti ń lọ́ wọlé, kí ẹ wá lọ́ òrùka ìdérí lé e. Òrùka yẹn ni yóò dì í mú. Aṣọ òfì ti ki jù fún ibẹ̀.

Ìbéèrè: Mo fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ títí, òórùn mílíìkì kíkan ò kúrò.

Ìdáhùn: Omi gbígbóná yẹn wà lára ohun tó fà á, ooru máa ń jẹ́ kí ìdọ̀tí mílíìkì dì mọ́ ike. Omi tútù ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ fi báékìn sóódà rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ sá a sóòrùn láìdé e. Róbà ẹnu rẹ̀ lòórùn sábà máa ń sá pamọ́ sí. Ẹ sọ ìyẹn nù.

Ìbéèrè: Fídìn bọ́tù ti ìyá mi ńkọ́? 7 àti PC ló wà nídìí rẹ̀.

Ìdáhùn: Ìyẹn gba ọ̀dà dáadáa. Ẹ má ṣáà fi tínà nù ún, á sán. BPA, ìyẹn kẹ́míkà kan tí wọ́n fi ń ṣe ike, wà nínú irú ike bẹ́ẹ̀: ilẹ̀ Yúróòpù fòfin de lílò ó fún fídìn bọ́tù ní 2011, Amẹ́ríkà ní 2012. Búrọ́ọ̀ṣì àti bíírò ni kẹ́ ẹ máa kó sí i, kì í ṣe oúnjẹ.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè tan àbẹ́là sínú ẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá o. Yóò yọ́. Gílóòbù wẹ́wẹ́ tó ń lo bátìrì ni kẹ́ ẹ fi sí i.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ da ìlẹ̀kẹ̀ sínú ọ̀kan kí àbúrò ọmọ mi máa mì ín bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Ìdáhùn: Kò sí gọ́ọ̀mù tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé á dì ìdérí náà pa, ọmọ sì lè lọ́ ọ kó gbé ìlẹ̀kẹ̀ mì. Bó bá ti pé ọdún mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì jókòó tì í, ẹ ṣe é fún un. Ti ọmọ ọwọ́, ẹ fi sílẹ̀.