CD-RW tó kọ̀ láti gba fáìlì: ohun tó yanjú rẹ̀

Kọ̀ǹpútà ní CD-RW mi, ìyẹn àwo CD tí a lè pa rẹ́ ká sì tún kọ nǹkan sí, ṣófo, àmọ́ kíkọ fáìlì sí i ò kọjá ìdajì tó fi ń dá dúró. Mo nu lẹ́ńsì, kò yí nǹkan kan padà.

Ìparẹ́ oníkíákíá tí mo ti ṣe fún un ni mo fura sí. Atọ́ka nìkan nìyẹn ń pa rẹ́, bí ìwé tí wọ́n kàn ya ojú ewé àkóónú rẹ̀; àkọsílẹ̀ àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Lórí Linux, mo fi wodim, ètò tó ń kọ àwo CD, pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ pátápátá. Mo tẹ èyí:

wodim -v dev=/dev/sr0 speed=4 blank=all

Àwo tó ń gba ìyára 4x ni tèmi, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ speed=4. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sójú tiyín. Ó falẹ̀ gan-an, àmọ́ iṣẹ́ gidi ló ń ṣe. Àdàpọ̀ fàdákà, indium, antimony àti tellurium ló ń gba àkọsílẹ̀ nínú CD-RW. Láti kọ nǹkan, lésà á mú ojú ibi bíńtín kan gbóná tó nǹkan bí 600°C títí á fi yọ́. Á tutù lójijì, àwọn átọ́ọ̀mù ò ní ráyè tò, ibẹ̀ á sì ṣú. Láti pa á rẹ́, ooru bí 200°C ti tó: wọ́n á tún tò lẹ́sẹẹsẹ, ibẹ̀ á padà máa dán.

Lẹ́yìn náà, gbogbo fáìlì wọlé. Ẹ̀rọ CD àtijọ́ kan ṣì kọ̀ ọ́, àmọ́ ìyẹn ò ní àtúnṣe: ìmọ́lẹ̀ tí CD-RW ń dá padà ò ju 15 sí 25% lọ, ti CD lásán sì tó nǹkan bí 70%.