Bí ẹ ṣe máa mú ìwé sci-fi àkọ́kọ́ yín láàárín àwọn tí aráyé fẹ́ràn jù

Ẹ̀yin èèyàn mi ní Àkúrẹ́, Oǹdó, Ọ̀wọ̀ àti gbogbo àyíká, ọ̀rọ̀ ìwé sci-fi, ìyẹn ìtàn àròsọ tó dá lórí sáyẹ́ǹsì, la fẹ́ sọ lónìí o, torí àwọn tó ń bi mí pé "èwo ni kí n kọ́kọ́ kà" ti pọ̀ gan-an, pàápàá àwọn ọmọ yunifásítì FUTA tí wọ́n ti wo fíìmù tán tí wọ́n wá fẹ́ ka ìwé tí wọ́n ti mú fíìmù náà jáde. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn máa ń ṣe ni pé wọ́n á wá list "ọgọ́rùn-ún ìwé tó dáa jù" lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á mú èyí tó wà lókè pátápátá, wọ́n á kà á dé ojú ewé ogún, ó sú wọn, wọ́n á ní sci-fi kì í ṣe tàwọn. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ bẹ́ẹ̀, torí ìwé tó máa gbà wọ́n lọ́kàn wà nínú list yẹn kan náà, wọn ò kàn mọ bí wọ́n ṣe máa ṣà á jáde ni.

Ẹ kọ́kọ́ mọ àwọn tó ń ṣe list náà, àti àwọn tó ń fún ìwé sci-fi ní ẹ̀bùn. Ẹ̀bùn Hugo ti wà láti 1953, àwọn òǹkàwé tó forúkọ sílẹ̀ fún ìpàdé àgbáyé àwọn olólùfẹ́ sci-fi ló ń dìbò fún un. Nebula ní tiẹ̀, àwọn òǹkọ̀wé fúnra wọn ló ń dìbò. Arthur C. Clarke Award, ìgbìmọ̀ adájọ́ ló ń jókòó yàn án. Nommo ni ti àwa ará Áfíríkà, 2017 ni wọ́n kọ́kọ́ fún èèyàn. Ní 2011, rédíò NPR ní Amẹ́ríkà sọ pé kí àwọn olùgbọ́ àwọn dìbò, ìbò tó wọlé lé ní 60,000, The Lord of the Rings ló ṣe ipò kìíní, bẹ́ẹ̀ ìyẹn kì í ṣe sci-fi rárá, wọ́n pa sci-fi pọ̀ mọ́ fantasy (ìtàn idán àti iwin) ni, The Hitchhiker's Guide to the Galaxy ṣe ìkejì, Ender's Game ìkẹta, Dune ìkẹrin. Tẹ́ ẹ bá wá rí ìwé tó gba Hugo àti Nebula pọ̀, ẹ mọ̀ pé òǹkàwé fẹ́ràn ẹ̀, àwọn tó ń kọ irú ẹ̀ náà sì gbà fún un. Ó dájú pé ó dáa. Àmọ́ àwọn tó ń dìbò yìí ti ń ka sci-fi tipẹ́tipẹ́, eyín wọn ti le. The Left Hand of Darkness tí Ursula Le Guin kọ ní 1969 gba méjèèjì, mo fẹ́ràn ìwé yẹn dénú, síbẹ̀ mi ò ní gbé e fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, torí apá ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ń falẹ̀, ẹ̀yìn tó bá yá ló máa ń mú èèyàn lọ́kàn, níbi tí àwọn méjì ti ń la yìnyín kọjá.

Ọ̀nà tí mo máa ń fi yan ìwé fún èèyàn rèé. Gbogbo ìwé sci-fi tó dáa ló ní "ká ní" kan nídìí. Ká ní báyìí ni ayé rí, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí èèyàn? Ẹ má wo ipò tí ìwé wà lórí list, ẹ wo "ká ní" ẹ̀, kẹ́ ẹ wá mú èyí tó bá nǹkan tó ti ń jẹ yín lọ́kàn tẹ́lẹ̀ mu.

Ká ní omi wọ́n ju góòlù lọ ńkọ́? Ìyẹn ni Dune tí Frank Herbert gbé jáde ní 1965. Ẹni tó bá ti gbé àdúgbò tí kànga máa ń gbẹ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, tó ń jí ní ìdájí lọ to kẹ́ẹ̀gì, ìwé yìí máa tètè yé e. Ibì kan wà níbẹ̀ tí Stilgar, olórí kan láàárín àwọn ará aṣálẹ̀, wọlé wá bá Duke, alákòóso tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú, ó sì tutọ́ sórí tábìlì níwájú ẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó kí àlejò tutọ́ níwájú Déjì láàfin! Àwọn èèyàn Duke ti fẹ́ fò mọ́ ọn, àfi ìgbà tí ọ̀kan nínú wọn tó ti gbé pẹ̀lú àwọn ará aṣálẹ̀ yẹn sáré dá sí i, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Stilgar pé ó fi omi ara ẹ̀ ta àwọn lọ́rẹ, òun náà wá tutọ́ tiẹ̀ sórí tábìlì. Níbi tí omi ò sí, itọ́ ni ọ̀wọ̀. Mo máa ń sọ fún èèyàn pé tí ibẹ̀ yẹn bá dùn mọ́ ẹ, Dune jẹ́ tìẹ, tí kò bá dùn mọ́ ẹ, wá òmíràn. Ẹ mọ̀ pé bí ogún atẹ̀wé ló kọ ìwé náà sílẹ̀, ilé iṣẹ́ Chilton tí wọ́n mọ̀ fún ìwé àtúnṣe mọ́tò ló padà tẹ̀ ẹ́, kó tó wá gba Nebula, tó tún pín Hugo pẹ̀lú ìwé mìíràn.

Ká ní ibì kan wà tí aláìsàn ti lè rí ìwòsàn lọ́ọ̀fẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún? Rosewater nìyẹn, tí Tade Thompson kọ, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London tó sì dàgbà ní Nàìjíríà. Ọdún 2066 ló ń ṣẹlẹ̀, àjèjì láti ojú ọ̀run ti fìdí sọlẹ̀ sílẹ̀ Nàìjíríà, òrùlé ràgàjì kan bò ó mọ́lẹ̀, ìlú wá hù yí i ká. Lọ́dọọdún, ibẹ̀ máa ń ṣí, aláìsàn láti ibi gbogbo á kóra jọ síbẹ̀ bí ẹní lọ sí crusade, àwọn kan á gbádùn, ara àwọn kan á tún ara ẹ̀ ṣe lódìlódì, òkú tó bá wà nítòsí náà á dìde tí kò sí ọkàn nínú ẹ̀ mọ́. Kaaro tó ń sọ ìtàn náà lè mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹlòmíràn, iṣẹ́ tó ń ṣe ní báǹkì ni pé òun àti àwọn bíi tiẹ̀ jókòó máa ka ìwé jáde, kí àwọn tó ń fi ọkàn jalè má bàa ráyè wọ inú ọkàn àwọn kọsitọ́mà. Ó gba Nommo ní 2017, ó gba Clarke ní 2019. Ẹ ṣàkíyèsí ọdún tó wà lórí orí kọ̀ọ̀kan o, torí ìtàn náà ń lọ ó ń bọ̀, ẹni tí kò bá wo ọdún máa sọnù.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ọmọ engineering, The Martian ni kẹ́ ẹ mú. Andy Weir ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ ní orí kọ̀ọ̀kan, àwọn òǹkàwé ló bẹ̀ ẹ́ kó ṣe é sórí Kindle, ibi tí Amazon ti ń ta ìwé orí ẹ̀rọ, ní 2011 ó fi owó táṣẹ́rẹ́ tà á, kí àwọn atẹ̀wé ńlá tó wá gbọ́. Ọkùnrin kan ló ṣẹ́kù sórí Mars nìkan, oúnjẹ rẹ̀ ò ní tó, ó wá gbin ọ̀dùnkún. Mo sọ ìtàn yìí fún màmá wa lálẹ́ ọjọ́ kan tí kò sí iná, ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ilẹ̀ ibẹ̀ ṣá dára bí? Ajílẹ̀ ńkọ́?" Mo ní ìgbẹ́ ọkùnrin náà àti ti àwọn tó bá a lọ ni. Wọ́n ní, "Ó gbọ́n." Ìwé náà nìyẹn látòkè délẹ̀, ìṣòro dé, ó ṣírò ó, ó wá nǹkan ṣe sí i.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ òṣèlú lẹ fẹ́ràn, Foundation ti Isaac Asimov, 1951, ọ̀rọ̀ ẹnu ló pọ̀ jù níbẹ̀, ogun ò pọ̀. Tó bá jẹ́ ìtàn àtẹ̀yìnwá, ẹ mú Wild Seed ti Octavia Butler, 1690 ló ti bẹ̀rẹ̀, ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa níbí, obìnrin kan tó ń jẹ́ Anyanwu tí kì í kú pàdé ọkùnrin tó ń ti ara ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn. Ìwé yẹn ń bà mí lẹ́rù ju gbogbo ọ̀rọ̀ Mars lọ. Ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì, ẹ fún un ní Binti ti Nnedi Okorafor, kò gùn, ọmọbìnrin kan láti ẹ̀yà Himba ló yọ́ jáde nílé lọ sí yunifásítì tó wà lójú ọ̀run, torí àwọn ẹbí ẹ̀ ò fẹ́ kó lọ. Òun náà gba Hugo àti Nebula. The Three-Body Problem ti Liu Cixin, tó gba Hugo ní 2015, ẹ jẹ́ kó di ìkẹta tàbí ìkẹrin, físíìsì inú ẹ̀ kì í ṣe eré, ẹ dẹ̀ rántí pé orúkọ ìdílé ló ń ṣíwájú lọ́dọ̀ àwọn ará Ṣáínà, Ye ni orúkọ ilé Ye Wenjie, obìnrin kan nínú ìwé náà.

Ó wá kan bí ẹ ṣe máa kà á, ibí lọ̀pọ̀ ti ń já bọ́. Ojú ewé àkọ́kọ́ máa kún fún ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ò gbọ́ rí, orúkọ ìlú, orúkọ ẹ̀rọ, orúkọ oyè. Ẹ má ṣe gbé Google jáde sí gbogbo ẹ̀. Òǹkọ̀wé mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n, ó fẹ́ kẹ́ ẹ máa mọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀ ni. Àwa tí wọ́n ka Fágúnwà fún nílé ìwé, a ò bẹ̀rù irú nǹkan báyìí rárá, ọmọ Òkè-Igbó níbí ni bàbá yẹn, 1938 ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ jáde, ta ló kọ́kọ́ wá ìtumọ̀ orúkọ gbogbo ẹbọra inú ẹ̀ kó tó máa kà á lọ? Ìyàtọ̀ kan wà ṣá. Nínú igbó Fágúnwà, ẹbọra lè ṣe ohun tó wù ú. Nínú sci-fi, nǹkan àrà náà ní òfin tó ń tẹ̀ lé, kò sì gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú òfin yẹn. Torí náà, bẹ́ ẹ ṣe ń kà á, ìbéèrè méjì ni kẹ́ ẹ máa bi ara yín: báwo ni nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, ta ló ń jìyà ẹ̀? Tó bá jẹ́ Dune, àlàyé ọ̀rọ̀ wà lẹ́yìn ìwé náà, ẹ sàmì síbẹ̀, kẹ́ ẹ máa lọ yẹ̀ ẹ́ wò tí ọ̀rọ̀ kan bá wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí kò tíì yé yín.

Ẹ fún ìwé ní àádọ́ta ojú ewé. Tí "ká ní" inú ẹ̀ ò bá tíì mú yín títí dìgbà yẹn, ẹ gbé e sílẹ̀ láìbínú, kẹ́ ẹ mú èyí tó kàn. Ohun kan tó tún máa ń ràn mí lọ́wọ́ ni kí n sọ orí tí mo kà fún ẹni tí kò kà á, ní Yorùbá, láìfi òyìnbó bọ̀ ọ́. Ibi tí mo bá ti ń ta kókó, ibẹ̀ ni kò yé mi, mo máa ń padà lọ tún un kà.

Owó ńkọ́? Kò yẹ kó dí yín lọ́wọ́. Ìwé H. G. Wells ti kúrò lábẹ́ ẹ̀tọ́ oníwèé, lọ́fẹ̀ẹ́ ló wà lórí Project Gutenberg. The Time Machine ti 1895, ẹ wa EPUB (fáìlì ìwé orí fóònù) ẹ̀ tí kò ní àwòrán, kò tó MB kan, kò jẹ dátà rárá, èèyàn lè kà á tán ní ọjọ́ Sátidé kan, ọkùnrin kan ló gun ẹ̀rọ dé ọdún 802,701, ó lọ rí ohun tí àwọn olówó àti àwọn òṣìṣẹ́ ti yà sí. Ẹ̀yìn ìyẹn, ìwé ìròyìn Omenana wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìtàn kúkúrú sci-fi àti fantasy láti ọwọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà ló kún ibẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́ náà ni. Ẹ wà á sórí fóònù nígbà tí iná bá wà, kẹ́ ẹ dín ìmọ́lẹ̀ fóònù kù, kẹ́ ẹ fi ojú rẹ̀ sí dúdú, bátìrì á pẹ́.

Fún ìwé bébà, àwọn tó ń tẹ́ ìwé tòkunbọ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá títì ni kẹ́ ẹ máa yẹ̀ wò, àmọ́ ẹ ṣí ẹ̀yìn ìwé wò kẹ́ ẹ tó dúnàádúrà, torí ojú ewé tó gbẹ̀yìn ló máa ń kọ́kọ́ ya, kẹ́ ẹ sì wò bóyá kì í ṣe apá kejì tàbí ìkẹta lẹ fẹ́ rà. Àwọn PDF tí wọ́n jí gbé tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ ti àwọn òǹkọ̀wé tiwa, owó ìwé yẹn ni wọ́n ń jẹ. Tí ẹ bá tó mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ dáwó ra ẹyọ kan, kẹ́ ẹ máa gbé e yíká, ẹni tó bá kà á tán kó fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ ẹ̀ sẹ́yìn kó gbé e fún ẹnìkejì.

Tẹ́ ẹ bá ka ọ̀kan tán tó dùn mọ́ yín, ẹ má sáré tẹ̀ lé gbogbo apá ẹ̀. Dune àkọ́kọ́ dá dúró fúnra ẹ̀, ẹ lè dúró síbẹ̀. Rosewater ní tiẹ̀, mẹ́ta ni, The Rosewater Insurrection ló kàn, kó tó kan The Rosewater Redemption, ẹ ò lè yí i padà. Ender's Game ti 1985, ọmọ kékeré lè kà á, ṣùgbọ́n Speaker for the Dead tó tẹ̀ lé e, ìwé àgbàlagbà ni, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà dàgbà díẹ̀ sí i.